Kòngò Ogójì

Ní Kábà, nínú ọyẹ́, ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè,
mo yí ohun kan péré padà nínú kóòdù mi.
Ìlà kan. Kò tó méjì.
Iṣẹ́ tó ń wọn kaṣú, tó ń dáhùn ní kòngò,
mo ní kó máa dáhùn ní kílò,
nítorí ojú kòngò máa ń tì mí níwájú àwọn ará Àbújá.
Orúkọ iṣẹ́ náà, n kò fọwọ́ kàn án:
“wọ̀n” ló ń jẹ́, “wọ̀n” ló sì ń jẹ́ lọ.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé jáde.
Ti iwájú ń pariwo: ẹ ṣọ́ra,
mo ti ṣí ilẹ̀kùn kúrò níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí.
Ti àárín: yàrá tuntun ni mo kọ́ mọ́ ilé, ẹ má bẹ̀rù.
Ti ìkẹyìn: ihò òrùlé ni mo dí, ẹ máa sùn.
Ti ìkẹyìn ni mo sún lóru ọjọ́ náà.
Mo fi ẹyọ kan lé e. Mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Ta ló mọ̀ pé Ìyàrá gbára lé mi?
Ìbítóyè ní Ìsánlú ló mú kóòdù mi,
ó fi sínú tirẹ̀ bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀;
àwọn ará Mọ́pà mú ti Ìbítóyè,
ẹgbẹ́ alákaṣú Ìyàrá mú ti Mọ́pà.
Kò sẹ́ni tí í rí iyọ̀ nínú ọbẹ̀
àfi lọ́jọ́ tó bá pọ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìwọ̀n, ẹ̀rọ wọn gbọ́ ohùn mi tuntun.
Àpò tó ń jẹ́ ogójì láti ọdún mọ́dún di ọgọ́ta,
Ayédọgbọ́n akápò sì ń san owó ọgọ́ta kòngò,
ó ń fi itọ́ ra ìka, ó ń kà.
Ènìyàn mọ́kànlá gbowó, ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀.
Ìyá Tóluhí ni ìkejìlá.
Ó wo owó. Kò nawọ́.
“Ogójì kòngò ni mo bù sínú àpò yìí,
ọwọ́ mi ni mo fi bù ú, lánàá, mo ń kà á.
Ta ló bu ogún lé e?”

Ìbéèrè yẹn gba Mọ́pà, ó gba Ìsánlú,
ó bá mi ní Kábà ní agogo méjì ọ̀sán,
iná ti lọ, bátìrì lápútópù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.
“Ìwọ lo bu ogún,” ni Ìbítóyè wí.
Kò tilẹ̀ kí mi.

Bẹ́ẹ̀ Òkun là ń kíra wa níhìn-ín,
láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tílẹ̀ bá ṣú.
Bí bàbá bàbá mi bá dìde lónìí,
tó dé ẹnu ọ̀nà mi, tó ní “Òkun o,”
n ó ti jẹ́ ẹ kí n tó rójú rẹ̀.
Koríko ti di páànù, fìtílà ti di sólà,
ilé yí tán nínú;
ohun tí à ń wí lẹ́nu ọ̀nà kò yí.
Èmi tí mo mọ èyí láti kékeré!

Mo dá “wọ̀n” padà sí kòngò.
Mo kọ “wọ̀n_ní_kílò” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ pè é.
Mo sún nọ́ńbà àárín.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkórè méjì ni mo fún kòngò kí n tó mú un kúrò.
Ìbítóyè ní kí n sọ ọ́ di márùn-ún,
pé mo mọ àwọn ará Mọ́pà.

Nínú àwọn mọ́kànlá, mẹ́sàn-án dá èlé padà.
Ẹnì kan ti fi sanwó iléèwé ọmọ.
Ẹnì kan ní kílò lòun ń lò láti òní lọ.

Ní Sátidé mo lọ bẹ Ìyàrá.
Ìyá Tóluhí bu kòngò kaṣú kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́jú rẹ̀,
ó gbé e fún mi. “Kílò mélòó nìyí?”
Mo ní kó jẹ́ kí n tan lápútópù.
Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.